Kọ Ohun Tí O Rí Sílẹ̀ Kí O Tó Dárúkọ Ibi Tó Wà

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, irinṣẹ́ ni wọ́n máa ń bèèrè. Iṣẹ́ wa ni láti fimú fínlẹ̀ nínú ohun tó wà ní gbangba: fídíò orí Facebook, àwòrán sátẹ́láìtì, àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí kà. Wọ́n gbà pé ẹni tó mọ irinṣẹ́ púpọ̀ ló mọ iṣẹ́ náà jù. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé síwájú wọn. Màá ní kí wọ́n wò ó fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ ìlú kankan.

Ó máa ń ni wọ́n lára. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi pariwo orúkọ ìlú, àwọn yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó máa gbè é lẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí ẹni tó ti dárúkọ ti di agbẹjọ́rò fún orúkọ náà. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ pé “òpó iná onígi mẹ́ta, òjìji ọkùnrin yìí gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ” ti ní ohun tó ṣeé yẹ̀ wò.

Àpẹẹrẹ kan rèé: lọ́dún 2018, fídíò kan jáde níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa obìnrin méjì àti ọmọdé méjì. Wọ́n ní ọmọ ogun Cameroon ni wọ́n, àmọ́ ìjọba Cameroon ní irọ́ ni. Àwọn akọ̀ròyìn BBC Africa Eye, ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC, fi bí orí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun náà ṣe ga tó sì rẹlẹ̀ wé ti orí Google Earth, ó sì bá ti ìtòsí Zelevet ní àríwá Cameroon mu. Wọ́n wo àwòrán sátẹ́láìtì láti mọ ìgbà tí ilé àti ògiri inú fídíò náà wà níbẹ̀ àti ìgbà tí wọn kò sí níbẹ̀, wọ́n fi òjìji àwọn ọmọ ogun náà kún un, wọ́n sì dín ọjọ́ náà kù sí àárín ọjọ́ 20 oṣù kẹta àti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2015. Lọ́dún 2020, ilé ẹjọ́ rán mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun náà lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ọ̀rọ̀ òjìji yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí òjìji ọ̀pá bá gùn tó ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, digírì 45 ni oòrùn wà lójú ọ̀run. Bí o bá wá mọ ibi tí ọ̀pá náà wà, o lè ṣírò ìgbà tí oòrùn máa ń wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn sábà máa ń gba ojú ọ̀nà kan náà, nítorí náà òjìji nìkan kò tó; ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kejì.

Mo tún máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tọ́jú ẹ̀dà fídíò, línkì rẹ̀ àti àkókò tí wọ́n rí i lójú ẹsẹ̀, torí ó lè pòórá lọ́la. Bí ìpànìyàn bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀. Igbe a máa bá ènìyàn dé orí ibùsùn.

Nínú ìdánwò, mo máa ń fi fọ́tò kan sí i tí kò ní ohun tó lè fi ibi tí wọ́n ti yà á hàn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “ẹ̀rí kò tó”, tó sì ṣàlàyé gbogbo ibi tó wá a dé, máàkì rẹ̀ pé.