Ṣé òróró inú hóró ló ń sọ èèyàn di sísanra? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin òróró àti ínsúlínì

Àwọn kan ní òróró tí wọ́n ń fún látinú hóró, bíi ti sóyà, sunflower àti àgbàdo, ló ń fa sísanra jù àti ìtọ̀ ṣúgà, àwọn míì ní rárá o, òun gan-an ló dáa fún ọkàn. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ínsúlínì, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ń ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé e.

Tèèyàn bá jẹun tán ṣúgà á wọnú ẹ̀jẹ̀, pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, á tú ínsúlínì jáde, ínsúlínì á wá lọ máa kanlẹ̀kùn lára sẹ́ẹ̀lì, pàápàá sẹ́ẹ̀lì ẹran ara, kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó wọlé. Ó tún máa ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má da ṣúgà tiẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé tí ibi tí ara ń kó ọ̀rá sí lábẹ́ awọ bá ti kún, ọ̀rá á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti inú ẹran ara, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀. Òun ló ń di sẹ́ẹ̀lì létí. Ínsúlínì á kanlẹ̀kùn títí, wọn ò ní tètè dáhùn, pancreas á tún tú òmíì sí i, á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe tètè dá ínsúlínì lóhùn yẹn ni wọ́n ń pè ní insulin resistance.

Òróró wá ńkọ́? Gbogbo òróró pátá, gíráàmù kan kálórì 9 ni, nígbà tí ṣúgà àti purotéènì jẹ́ 4 péré. Ṣíbí ńlá kan ti tó bíi kálórì 120, ikùn ò sì ní mọ̀ ọ́n lára, pàápàá tó bá fara pamọ́ sínú bisikíìtì àti nǹkan díndín.

Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú òróró hóró ni linoleic acid, irú ọ̀rá kan tó pọ̀ nínú òróró sóyà àti àgbàdo dé bíi ìdajì. Ara ò lè ṣe é fúnra ẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ ni. Wọ́n ní ó ń di arachidonic acid, ọ̀rá míì tó ń jẹ́ kí ara máa wú bí ìgbà téèyàn fara pa (inflammation), àmọ́ téèyàn bá jẹ ẹ́ sí i, arachidonic acid inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, torí ara ń ṣọ́ ọ. Òótọ́ ni pé òróró sóyà mú kí eku inú lábù sanra ju bí òróró àgbọn ṣe ṣe lọ, ṣùgbọ́n eku ni eku ń jẹ́.

Tèèyàn ló yẹ ká wò. Lọ́dún 2016 wọ́n kó ìwádìí 102 pọ̀, wọ́n rí i pé tí irú ọ̀rá tó wà nínú òróró hóró yìí bá rọ́pò ọ̀rá tó máa ń dì tàbí oúnjẹ onísítáàṣì, ínsúlínì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Rírọ́pò ni o, kì í ṣe àfikún. Ní Uppsala ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fún àwọn 39 tí ò sanra ní kéèkì kékeré lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 7, àwọn kan jẹ èyí tí wọ́n fi epo ọ̀pẹ, tó ní ọ̀rá tó máa ń dì, ṣe, àwọn tó kù jẹ ti òróró sunflower. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àwọn elépo ọ̀pẹ pọ̀ sí i gan-an, èyí tó yí ìfun wọn ká náà pọ̀ sí i, àwọn onísunflower wá ní ẹran ara jù wọ́n lọ. Àmọ́ àfikún oúnjẹ ni kéèkì yẹn jẹ́ fún gbogbo wọn, torí ẹ̀ ni ìwúwo àwọn méjèèjì ṣe fi bíi kílò 1.6 lé sí i, àti elépo ọ̀pẹ àti onísunflower.