Rúdurùdu nínú ariwo iná nẹ́úrọ́ọ̀nù

Nẹ́úrọ́ọ̀nù ni sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná gbé iṣẹ́ ránṣẹ́ nínú ọpọlọ àti ara. Ariwo iná rẹ̀ ni ìlọsókè-sódò wẹ́wẹ́ tí fóltéèjì (agbára iná) awọ sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣe láìdáwọ́ dúró, ìbáà jẹ́ pé kò fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́. Nẹ́úrọ́ọ̀nù tó ń sinmi sábà máa ń wà ní nǹkan bíi −70 mílífóòtì, àmọ́ kì í dúró sójú kan. Ooru ń mì ín. Àwọn ihò tí áyọ́ọ̀nù (èérún wẹ́wẹ́ tó ní iná lára) ń gbà wọlé-jáde ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn sì ń da èròjà sí i lára ní sínáàpùsì, ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fi iṣẹ́ lé òmíràn lọ́wọ́. Paul Fatt àti Bernard Katz ṣàlàyé ti ìkẹyìn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, lára iṣan àkèré: ìtapà iná kéékèèké, nǹkan bí ìdajì mílífóòtì, tó ń wáyé láìsí ohun tó ta á jí. Ó jọ pé àwọn ìtapà náà kò ní àkókò kan pàtó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka irú ariwo bẹ́ẹ̀ sí èèṣì lásán.

Rúdurùdu tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń sọ kì í ṣe èèṣì. Òfin tó dájú wà nídìí rẹ̀, síbẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ ṣe, ìyàtọ̀ bíńtín níbẹ̀rẹ̀ sì ń di ńlá kíákíá. Edward Lorenz fi èyí hàn ní 1963 nínú ìṣirò ojú ọjọ́. Ní àwọn ọdún 1980, Kazuyuki Aihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ru okùn nẹ́úrọ́ọ̀nù ńlá ti squid (ẹran inú òkun kan) sókè, ìdáhùn rẹ̀ sì di rúdurùdu. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ru sókè nìyẹn. Ti ariwo abẹ́lẹ̀ ṣòroó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ lórí rẹ̀ ni ti Philippe Faure àti Henri Korn ní Institut Pasteur, Paris, tó jáde ní 1997. Sẹ́ẹ̀lì Mauthner ni wọ́n yàn, ọ̀kan nínú nẹ́úrọ́ọ̀nù ńlá méjì tó ń mú ẹja ta pọ́ún sá nígbà tí ewu bá dé. Wọ́n fi ariwo inú rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ ariwo náà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ètò rẹ̀ rú. Bó bá jẹ́ èèṣì lásán ni, kò yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì; ìyàtọ̀ sì wà.

Ìkánjú ti ba irú ìwádìí yìí jẹ́ rí. Àwọn kan kéde rúdurùdu nínú iná ọpọlọ nítorí pé nọ́ńbà tó ń díwọ̀n bí ètò inú rẹ̀ ti díjú tó kéré. Ní 1989, Osborne àti Provenzale fi hàn pé ariwo èèṣì pọ́ńbélé, bí ìgbì tó ń lọ́ra bá pọ̀ nínú rẹ̀, lè mú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀lì alààyè tún máa ń yí padà kí àkọsílẹ̀ tó gùn tó. Faure àti Korn fúnra wọn kò sọ pé gbogbo ariwo náà ni rúdurùdu: apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kì í ṣe èèṣì.