Kí ló dé tí kamẹ́líà kì í fẹ́ẹ́ tanná l'Ékòó?

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Japan fi fọ́tò igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní kamẹ́líà ránṣẹ́ sí mi. Oṣù kọkànlá ni, ewé igi yòókù ti ń rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n èyí tutù minimini, òdòdó sì bò ó. Ṣé mo lè gbìn ín sílé mi ní Gbàgádà?

Ẹ lè gbìn ín, á sì yọ ewé. Kó tanná ni wàhálà wà. Èyí tí ẹ rí yẹn á jẹ́ Camellia sasanqua, igi ìhà gúúsù Japan. Ìgbà ooru tiwọn, nígbà tí ọ̀sán gùn dáadáa, ló máa ń rudi. Bí ọ̀sán bá wá ń kúrú, tí òru ń tutù, ni ìrudi yẹn á là. L'Ékòó ńkọ́? Ọ̀sán wa tó gùn jù lọ lọ́dún kò fi odindi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Òru wa kì í sì í sábà tutù tó 20°C, àfi tí ọyẹ́ bá dé, ọyẹ́ Èkó kì í sì í pẹ́.

Ṣebí igi tíì náà kamẹ́líà ni, wọ́n sì ń gbìn ín ní Nàìjíríà?

Òótọ́ ni, Camellia sinensis ni. Ṣùgbọ́n orí òkè Mambilla ní Taraba ni, ibi tó ga ju 1,500 mítà lọ, tí òtútù ń mú. Ewé ni wọ́n sì ń já níbẹ̀, wọn ò wá òdòdó.

Mo ṣì fẹ́ dán an wò.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kamẹ́líà fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, pH (ìwọ̀n kíkan ilẹ̀) bíi 5.5 sí 6.5. Ilẹ̀ pupa wa sábà máa ń kan, àmọ́ ìdí fẹ́ǹsì, níbi tí gbogbo wa fẹ́ràn láti gbin òdòdó sí, ibẹ̀ gan-an ni àwọn bíríkìlà máa ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì sí. Sìmẹ́ńtì máa ń pa kíkan ilẹ̀, igi ò sì ní rí èròjà irin fà mọ́. Ẹ ó rí i lára ewé titun: á di àwọ̀ ìyeyè, iṣan inú rẹ̀ nìkan ni á ṣì ní àwọ̀ ewé. Ohun kan náà ló ń ṣe igi òdòdó ixora tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ da fatiláísà lé e títí, ilẹ̀ yẹn ni ìṣòro.

Nítorí náà, ìkòkò ńlá ni mo fara mọ́, kó ní ihò nídìí, kí ẹ fi ewé jíjẹrà po yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí òjìji ń bò lọ́sàn-án. Ẹ má ri ìdí rẹ̀ jìn, gbòǹgbò rẹ̀ kì í lọ ìsàlẹ̀ púpọ̀. Tí òjò oṣù kẹfà bá dé, ẹ rí i pé omi ò dúró nínú ìkòkò, torí gbòǹgbò á jẹrà.

Tí ò bá wá tanná rárá?

Ẹ ó ṣì jẹ èrè ewé rẹ̀, ewé tó ń dán. Tó bá jẹ́ òdòdó lẹ ń fẹ́, ixora ni kí ẹ gbìn. Kì í wọ́wé, ó ń tanná yípo ọdún, àwọn tó ń ta òdòdó létí títì sì ní in.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín fi igi náà pamọ́ sínú àpótí wá. Igi tó bá ti òkè òkun wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò láti ibi tó ti wá àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé wò, torí kòkòrò àti àrùn lè bá a wọlé.