Biennale: ọ̀rọ̀ tó ń ṣi àlejò lọ́nà ní Venice

Èdè Ítálì ni Biennale. Kò túmọ̀ sí ju ohun tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún méjì lọ. Ìlú Venice, ìlú orí omi ní Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1895 gẹ́gẹ́ bí àfihàn iṣẹ́ ọnà, àwọn ìlú mìíràn sì ti yá orúkọ náà lò: São Paulo ní tirẹ̀, Dakar ní tirẹ̀, Èkó pàápàá ti ní tirẹ̀ láti 2017.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò rò ni pé mùsíọ́mù kan ni: pé èèyàn á sọ̀ nínú ọkọ̀, á béèrè ilé Biennale, á wọlé wòran, á sì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sáà ni Biennale. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tó bá sì di oṣù kọkànlá, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Àwọn mùsíọ́mù ìlú náà ni kì í ká ẹní. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wúlò fún un.

Kọ́kọ́ wo ọdún. Láti 1993 títí di 2019, ọdún tí 2 kò lè pín láìṣẹ́kù ni àfihàn iṣẹ́ ọnà ń bọ́ sí. Àrùn Kòrónà ló ti ti 2021 sí 2022, láti ìgbà náà ló ti wá di 2022, 2024, 2026. Àwọn ọdún tó wà láàárín wọn jẹ́ ti àwọn ayàwòrán ilé. Orúkọ kan náà, ibi kan náà, àmọ́ ẹni tó bá wá wo ère àti àwòrán nírú ọdún bẹ́ẹ̀, àwòṣe ilé ni yóò bá.

Ìpele mẹ́ta ló wà nínú Biennale fúnra rẹ̀. Èkíní ni àfihàn àgbà, tí ẹnì kan ṣoṣo ń yan àwọn oníṣẹ́ ọnà sí. Okwui Enwezor, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe ti 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ipò náà mú. Ibi méjì ni wọ́n ti ń pàtẹ rẹ̀: Giardini, ìyẹn ọgbà ìlú, àti Arsenale, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń lọ́ okùn ọkọ̀ nínú Arsenale gùn tó mítà 317, bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu kì í ṣe ọ̀ràn àṣejù níbẹ̀.

Ìpele kejì ni pafílíọ̀nù, ilé ìpàtẹ orílẹ̀-èdè. Bẹ́ljíọ̀mù ló kọ́kọ́ kọ́ tirẹ̀ sínú Giardini ní 1907, wọ́n sì ti di 29 báyìí. Nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì nìkan ló ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn yòókù ń gba àyè sí Arsenale tàbí kí wọ́n háyà ilé láàárín ìlú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wá Nàìjíríà lọ sí Giardini kò fi ní rí i. Ọdún 2017 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa, pẹ̀lú iṣẹ́ Peju Alatise, Victor Ehikhamenor àti Qudus Onikeku. Ní 2024, Palazzo Canal ní àdúgbò Dorsoduro ni wọ́n pàtẹ sí. Ọdún yẹn náà ni Orílẹ̀-èdè Benin kọ́kọ́ wá, nínú Arsenale, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Ìpele kẹta ni àwọn àfihàn ẹ̀gbẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ àti àjọ ń ṣe káàkiri ìlú pẹ̀lú àṣẹ Biennale.

Ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ rèé. Tíkẹ́ẹ̀tì Biennale kò kọjá Giardini àti Arsenale. Ní 2024, yúrò 30 ni ti àgbà, ó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan wíwọlé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. O lè pín in sí ọjọ́ méjì, ohun tí a sì dámọ̀ràn nìyẹn, nítorí ojú a máa sú èèyàn. Àmọ́ tí o bá ti jáde ní Giardini láti lọ jẹun, ó tán. Inú níbẹ̀ ni kí o ti jẹun. Púpọ̀ nínú pafílíọ̀nù tó wà láàárín ìlú kì í gbowó, nítorí náà ẹni tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ ṣì lè rí nǹkan gidi wò.

Àwọn mùsíọ́mù ńkọ́? Ọmọ Biennale ni méjì nínú wọn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ca' Pesaro ni ti ìjọba ìlú. Láti inú Biennale ni wọ́n ti ra ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, títí kan àwòrán Judith kejì tí Klimt, ayàwòrán ará Ọ́síríà, yà. Peggy Guggenheim, ará Amẹ́ríkà, pàtẹ àwọn iṣẹ́ ọnà tó kó jọ ní Biennale 1948, lẹ́yìn náà ló ra ilé sétí Canal Grande, omi ńlá tó la ìlú náà já. Ilé ọ̀hún ti di mùsíọ́mù, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán bíi Picasso àti Pollock sì wà níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìyẹn. Fún ti àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, Punta della Dogana àti Palazzo Grassi ni kí o lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló sábà máa ń ṣí méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ní ìpàtẹ àìkúrò, tí wọ́n bá ń pààrọ̀ àfihàn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Yẹ ojú òpó wọn wò kí o tó jáde nílé.

Ọjọ́ ìsinmi ló ń ba ètò jẹ́ jù. Biennale àti Ca' Pesaro máa ń tì lọ́jọ́ Ajé; Guggenheim, Punta della Dogana àti Palazzo Grassi máa ń tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ní ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun nìkan, ilé Guggenheim àti Dogana ni ti ọjọ́ Ajé, Giardini ni ti Ìṣẹ́gun.

Ọkọ̀ ojú omi nọ́ńbà 1 ló so gbogbo wọn pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Láti ibùdókọ̀ ojú irin, sọ̀ ní San Stae fún Ca' Pesaro, Sant'Angelo fún Palazzo Grassi, Accademia fún Guggenheim, Salute fún Punta della Dogana, lẹ́yìn náà Arsenale, kó tó kan Giardini. Láti Accademia dé Salute, ẹsẹ̀ ló dára jù. Ní 2024, tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú 75 jẹ́ yúrò 9.50, ti wákàtí 24 jẹ́ 25. Tí o bá máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti wákàtí 24 ló gbè ọ́. Fi tíkẹ́ẹ̀tì náà kan ẹ̀rọ tó wà létí omi kí o tó wọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtanràn ń bẹ.

Má sì gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ilé. Àdúgbò mẹ́fà ni ìlú náà pín sí, nọ́ńbà ilé ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀, kò tẹ̀ lé òpópónà. Dorsoduro 701 ni Guggenheim. Ẹni tó bá bèèrè òpópónà tí 701 wà kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Orúkọ ibùdókọ̀ omi tó sún mọ́ ọn ni kí o dì mú.