Agbádá ni wọ́n ròyìn, èsì ìbéèrè dà?

Ìbò 2027 ń bọ̀, ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje náà sì ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìtàkùrọ̀sọ, ẹ lọ dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Pánṣékè tàbí ní Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta níbí. Àwọn tí kò ní ra ẹyọ kan á ti pé jọ síbẹ̀, wọ́n á ti máa bá ara wọn jiyàn: ta ló ń làágùn, Gẹ̀ẹ́sì ta ló já geere, fìlà ta ló gún, ta ló sọ ọ̀rọ̀ tó pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni olùdíje sọ nípa títì Sango sí Abẹ́òkúta, àti pé níbo lowó rẹ̀ ti máa wá. Wọ́n á máa wojú ara wọn. Bí àwọn akọ̀ròyìn ṣe ń ròyìn ìrísí olùdíje dípò ìdáhùn rẹ̀ ló fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dáhùn àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí lórí rẹ̀.

Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ló kó èyí bá wa ni?

Rárá. Ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Facebook. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, John Kennedy àti Richard Nixon, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, kojú ara wọn lórí tẹlifíṣàn nílùú Chicago. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ara Nixon kò tíì yá tán, orúnkún rẹ̀ ti gbé e dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn. Ó ti rù, ojú rẹ̀ sì ti ṣá. Ara Kennedy ń dán ní tirẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ títí dòní nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ owó oṣù olùkọ́, ìtọ́jú ìlera àwọn arúgbó àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ta ló rántí?

Wọ́n tún máa ń fi kún un pé àwọn tó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Nixon ló borí. Ìwádìí kékeré kan báyìí ni ìtàn yẹn dúró lé, àwọn onímọ̀ sì ti ń takò ó tipẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn kàn ń gbà á lẹ́nu ara wọn ni.

Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn akọ̀ròyìn, àbí wọ́n ti gba rìbá?

Àwọn kan lè gbà á, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an kọ́ nìyẹn. Ìtàkùrọ̀sọ lè parí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lóru yẹn, ètò rédíò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Bí olùdíje bá ní òun ti kọ́ ilé ìwòsàn báyìí-báyìí, akọ̀ròyìn ní láti wá ìwé ìṣúná jáde, kó pe ẹnì kan níléeṣẹ́ ìjọba, kó sì lọ fojú ara rẹ̀ rí ilé ìwòsàn náà. Ta ló máa gbé fóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́? Òógùn iwájú orí ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló rí i. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò sí lọ́yà tó máa kọ̀wé wá pé irọ́ ni, ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ò sì ní sọ pé akọ̀ròyìn náà ń gbè sẹ́yìn ẹlòmíì.

Ẹ tún wo ti àkókò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Hallin ní Amẹ́ríkà ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìròyìn tẹlifíṣàn fi ń jẹ́ ká gbọ́ ohùn olùdíje kí wọ́n tó gé e. Nígbà ìbò 1968, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 43. Nígbà tó fi máa di 1988, ó ti di 9. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa san owó iléèwé ọmọ mẹ́ta. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀fẹ̀ àti èébú nìkan ló gbà níbẹ̀.

Àwọn olùdíje ò mọ̀ ni?

Wọ́n mọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń lò ó. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà tó ń du ipò náà lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1984. Ẹni ọdún 73 ni, ọ̀rọ̀ sì ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu nínú ìtàkùrọ̀sọ àkọ́kọ́. Nínú èkejì, akọ̀ròyìn kan bi í ní ìbéèrè gidi: nígbà wàhálà Cuba, tí Amẹ́ríkà àti Soviet fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jagun, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni Kennedy kò fi rí oorun sùn dáadáa, ṣé Reagan á lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn? Reagan ní òun ò ṣiyèméjì, ó wá fi kún un pé òun ò ní torí òṣèlú sọ̀rọ̀ nípa kékeré àti àìnírìírí alátakò òun. Walter Mondale tó ń bá a díje pàápàá bú sẹ́rìn-ín, ẹni ọdún 56 tó ti ṣe igbákejì ààrẹ rí! Ìbéèrè náà wọlẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́. Ẹ̀rín yẹn la ṣì ń gbọ́ lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ṣebí àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Kí ló burú nínú ká wo ìrísí?

Mo gbà pé ìwà hàn níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú olùdíje bínú, báwo ló ṣe ń dáhùn? Ṣé ó ń fetí sí ẹlòmíì? Ó yẹ ká wo ìyẹn. Àmọ́ ojú lásán ń tàn wá. Lọ́dún 2005, Alexander Todorov àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton fi fọ́tò olùdíje méjì méjì han àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n tọ́ka sí ẹni tójú rẹ̀ jọ ti ẹni tó mọṣẹ́. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu àwọn olùdíje náà. Nínú ìdíje sílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n tọ́ka sí ló wọlé ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú wa ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìjẹ́ pé akọ̀ròyìn ràn án lọ́wọ́. Etí ló nílò ìrànlọ́wọ́.

Nílé wa níbí ńkọ́?

Lọ́dún 1993, M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta níbí, kojú Bashir Tofa lórí NTA ṣáájú ìbò June 12. Àwa tó fẹ́ràn Abíọ́lá á sọ pé ó fàgbà hàn án, pé ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó wò ó pé kí ni wọ́n jiyàn lé lórí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa rántí.

Ti ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2019 tún burú jù ú lọ. Ààrẹ Buhari kò yọjú sí ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje sípò ààrẹ tó wáyé l'Ábùjá. Atiku Abubakar dé ibẹ̀, ó gbọ́ pé Buhari ò wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọbiageli Ezekwesili, Kingsley Moghalu àti Fẹlá Durotoye dúró, wọ́n dáhùn ìbéèrè. Àwọn méjì tí kò sọ nǹkan kan ni ariwo wọn gba ìlú, a ò sì gbọ́ tàwọn mẹ́ta tó sọ̀rọ̀. Kò sófin tó sọ pé dandan ni kí olùdíje wá, ṣùgbọ́n dandan kọ́ ni kí akọ̀ròyìn fi àga òfìfo ṣe olórí ìròyìn.

Kí la wá lè ṣe l'Ábẹ́òkúta?

Ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá lọ́dún 1859, tí wọ́n ń ta ẹ̀dà kan ní owó ẹyọ 120, kò yẹ kó máa fi fìlà díwọ̀n olóṣèlú.

Ẹ gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ náà lórí rédíò bó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú bírò. Bí olùdíje sípò gómìnà bá ní òun á tún títì Sango sí Abẹ́òkúta ṣe, ẹ rántí pé títì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ṣe é sí. Ẹ béèrè pé ọwọ́ ta ló wà báyìí, àdéhùn wo ló wà nílẹ̀, èló ni, láti ibo, ọdún wo ló máa parí? Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn máa ń gbé ìwé ìṣúná rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó bóyá owó tí olùdíje dárúkọ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá pe ètò rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí atọ́kùn bi yín pé ta ló borí, ẹ sọ ìbéèrè tí wọn ò dáhùn fún un. Ẹ ní kó gbé ohùn ibẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀, láìgé e.