Ọ̀gágun Stănculescu: bí àṣẹ ológun ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àánú aráàlú ló ṣe àwọn ọmọ ogun Ròmáníà ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọjọ́ tí ìjọba Nicolae Ceaușescu ṣubú, ni wọ́n bá gbè sẹ́yìn àwọn aráàlú tó dìde sí i. Irú àlàyé yìí ń bí èèyàn nínú, torí ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an pamọ́. Ẹni tó ń pàṣẹ ló kọ́kọ́ yí padà.

Lábẹ́ Ceaușescu, ààrẹ Ròmáníà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣẹ ti ń wá, ọwọ́ mínísítà ààbò ló sì ń gbà dé bárékè. Bíi ìlú tí páìpù kan ṣoṣo ń gbómi wọ̀ ni: ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ ló ni omi gbogbo ilé. Bó bá tì í pa, ẹni tó ra páìpù náà kò ní rómi bu.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbọn pa mínísítà náà, Vasile Milea. Ìdí ẹ̀rọ ṣófo. Ceaușescu ránṣẹ́ pe igbákejì Milea, Victor Stănculescu, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Timișoara dé, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn fún aráàlú. Stănculescu ti ní kí wọ́n fi P.O.P. di ẹsẹ̀ òun ní ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà kò kán. Kò fẹ́ kí wọ́n tún rán òun níṣẹ́ ni. Síbẹ̀ ó lọ, ó gba àṣẹ, ó sì ní kí àwọn ọmọ ogun padà sí bárékè. Wọ́n padà. Lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, ẹlikópítà gbé Ceaușescu àti ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí òrùlé ilé kan ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà. Stănculescu náà ló ṣètò ìgbẹ́jọ́ ológun tó dá ẹjọ́ ikú fún wọn ní Târgoviște ní ọjọ́ 25.

Ìgbọràn tó mú kí wọ́n yìnbọn ní Timișoara náà ló mú kí wọ́n ṣíwọ́ ní Bucharest. Àléébù ńlá nìyẹn: ètò náà kì í bi àṣẹ léèrè ohun tó gbé wá. Nígbà tí kò sì yé ẹnikẹ́ni mọ́ ẹni tó ń pàṣẹ, ìbọn kò dákẹ́. Nínú àwọn tó lé ní 1,000 tó kú, ẹ̀yìn tí Ceaușescu sá lọ ni èyí tó pọ̀ jù kú.

Stănculescu di mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, lẹ́yìn náà ti ààbò, láti oṣù Kejì ọdún 1990 di ọdún 1991. Ní 2008, ilé ẹjọ́ ní kí òun àti Ọ̀gágun Mihai Chițac lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15 nítorí àwọn tí wọ́n pa ní Timișoara. Àṣẹ tó pa ní Bucharest kò jẹ́ kí wọ́n gbójú fo ti Timișoara, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.