Oògùn Tí Ń Dẹ Iṣan Kì Í Ṣe Oògùn Oorun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbà pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń mú wọn sùn, tí ó ń pa ìrora, tí ó sì ń mú kí ara wọn dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àti pé èyí tí ń mú ara rọ kò ní agbára kankan lórí oorun.

Kí apá tó lè gbéra, ọpọlọ a ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣẹ́ náà a sì tọ nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń lọ sínú iṣan, títí yóò fi kan àlàfo kékeré tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Níbẹ̀ ni nẹ́ẹ̀fù ti ń tú èròjà tí a ń pè ní acetylcholine jáde, èyí tí yóò sọdá lọ jókòó sí àyè tirẹ̀ lára iṣan, tí iṣan yóò sì sún kì. Oògùn bíi rocuronium àti atracurium a ti lọ gba àyè yẹn láìṣe nǹkan kan níbẹ̀, tí acetylcholine yóò fi dà bí àlejò tí ó bá ẹlòmíràn lórí àga rẹ̀. Ọpọlọ ń ránṣẹ́, nẹ́ẹ̀fù ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iṣan kò gbọ́. Báyìí náà ni curare, oró ẹnu ọfà àwọn ọdẹ igbó Amazon, ṣe ń ṣiṣẹ́, òun sì ni Harold Griffith àti Enid Johnson lò fún aláìsàn ní Montreal ní oṣù Kìíní ọdún 1942.

Suxamethonium, oògùn mìíràn tí ń dẹ iṣan, gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó fara jọ acetylcholine tó bẹ́ẹ̀ tí iṣan fi ń dá a lóhùn lákọ̀ọ́kọ́. Bí mo bá fún aláìsàn tí ó ti sùn, mo máa ń rí i tí ẹran ara ń gbọ̀n pìrìpìrì láti ojú dé èjìká, títí dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò lórí àyè náà, nítorí náà kí ìṣẹ́jú kan tó pé, gbogbo iṣan ti dẹ̀. Ẹni tí ọrùn àti èjìká ń ro lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó jẹ́ pé ikùn ni a là, kí ó má fòyà. Oògùn yìí sábà máa ń fa irú rẹ̀.

Iṣan tí a fi ń mí wà lára àwọn tí ń rọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń mí fún aláìsàn. Ọkàn ní tirẹ̀ kò dúró de irú àṣẹ yìí, ó ń lù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òye kì í lọ: dókítà Scott Smith ní Utah, ní Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n fún òun ní curare láìsí oògùn oorun, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1947. Kò lè gbé ìka, kò lè dá mí, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ohun gbogbo, ó sì ń mọ ìrora. Nítorí èyí ni a fi ń kọ́kọ́ fúnni ní oògùn oorun, tí a kì í jẹ́ kí ó tán, tí a kì í sì í kúrò ní ìgbèrí aláìsàn.

Bí iṣẹ́ abẹ bá parí, a ó fúnni ní oògùn tí ń mú agbára iṣan padà: neostigmine a mú kí acetylcholine pọ̀ sí i títí yóò fi borí oògùn náà, sugammadex ní tirẹ̀ a sì di rocuronium mú nínú ẹ̀jẹ̀. A ó fi iná mànàmáná kékeré ta nẹ́ẹ̀fù ọrùn ọwọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti mọ̀ bóyá iṣan ti ń gbọ́. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ fò nígbà kẹrin bí ó ti fò nígbà àkọ́kọ́ kí a tó yọ rọ́bà ìmí.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí yín bóyá ẹnì kan nínú wọn wà lórí ẹ̀rọ ìmí fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kékeré. Àwọn ìdílé kan wà tí èròjà tí ń tú suxamethonium ká kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí iná bá ti jó yín gidigidi láìpẹ́, tàbí kíndìnrín yín kò dára, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú. Oògùn mìíràn wà tí a lè yàn.